Rélùwéè Alágbẹ̀dẹ Eyín

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan tó ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu yín, ẹ má tètè rò pé ọ̀rọ̀ yín ló dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ Alágbẹ̀dẹ Eyín ni, eyín yín ló sì ń wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti fi ẹnu sílẹ̀, nínú yàrá kan tó há lẹ́yìn ilé ìwòsàn dókítà eyín. Dókítà á yọ ọ́, òun á fi òmíràn rọ́pò. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Alágbẹ̀dẹ Eyín, ó sì gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín dáadáa ládùúgbò yẹn tí kò yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í pẹ́ níta, kì í gbàgbé láti kí àgbà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, òun náà kò sì kà á sí àléébù: kò lè fara da kí nǹkan ẹlòmíràn dára ju tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí tẹni náà bàjẹ́ o. Kó ṣáà ti rọra dára.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ìyàwó àti ọmọ (àwọn kan ní kí n yọ ìyàwó àti ọmọ kúrò) ni rélùwéè kékeré tó kọ́ sínú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ògiri ga, ọmọdé kúrú, òrùlé ọkọ̀ nìkan ló sì máa ń rí bó ṣe ń kọjá lókè ògiri. Títí dòní, bó bá ń kun ọkọ̀ kékeré, orí òrùlé ló ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí: ìpẹtà díẹ̀ níhìn-ín, èéfín díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìgbẹ́ ẹyẹ níbi tó yẹ kí ẹyẹ yà sí. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò kàn án. "Ta ló ń wo ẹsẹ̀?" ni yóò wí.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn, ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà yọ̀ǹda igun kan fún òun, kí òun gbé pákó pẹlẹbẹ kan sí i. Pákó yọ ẹsẹ̀. Pákó fẹ́ pákó, wọ́n bímọ. Kí ìyàwó tó ṣẹ́jú, maṣíìnì rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tó ti ń gbá gbogbo àlejò lórúnkún.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó bi í nígbà náà, "ṣé ọkọ̀ yìí máa gbé wa lọ síbì kankan ni?"

"Ó kàn ń yí po ni."

"Ẹ ṣeun. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń yí po nínú ilé yìí."

Ká má purọ́, iṣẹ́ náà lẹ́wà. Òkè ńlá kan wà láàárín rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń mú àpẹẹrẹ ẹnu aláìsàn ló fi mọ ọ́n, irinṣẹ́ eyín ló sì fi gbẹ́ àpáta rẹ̀, títí ẹ ó fi rò pé òjò ti ń lù ú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú hù lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni: èrìgì ni, ike tí wọ́n fi ń ṣe èrìgì fún eyín àtọwọ́dá. Ojú irin gba inú ihò kan wọ abẹ́ òkè, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ adágún, ó gba iwájú ibùdókọ̀ kọjá, ó tún padà sínú ihò. Ọ̀gá ibùdókọ̀ tó dúró níbẹ̀ kò ga tó ìka ọmọ tuntun, síbẹ̀ ó ní eyín lẹ́nu. Ẹni tí kò bá gbà, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn méjì máa ń wá wò ó. Ọ̀kan ni Tíṣà, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, àmọ́ tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àlàyé. Èkejì ni Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí kò bá rí nǹkan fi sọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ Eyín á fi wọ́n jókòó, á dé fìlà ọ̀gá rélùwéè, á mú ohun ìdarí dání, ọkọ̀ á sì gbéra. Á wọ inú òkè. Wọn á dúró dè é. Á jáde.

"Ẹ wo bó ṣe jáde!" ni Tíṣà á wí.

"Ó mà dáa o," ni Nọ́ọ̀sì á wí.

Tíì á dé. Ọkọ̀ á tún wọ inú òkè. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ohun ìdarí àfi onílé. Ìgbà kan wà tí Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí i, tó ní kí òun náà wà á díẹ̀, onílé sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n ní kó yá àwọn ní bùrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fọ ẹnu.

Sátidé yìí ló fi ń gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ ró. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, òun ló ń wo ẹnu èèyàn. Sátidé nìkan ni ẹnu èèyàn ń là nítorí tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà kí Oníbúrẹ́dì tó yọjú. Oníbúrẹ́dì ló fẹ́ àbúrò ìyàwó Alágbẹ̀dẹ Eyín. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, aláriwo, tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní irun apá rẹ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ débi tó fi ń sú ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún: "Ẹ̀gbọ́n mi" níhìn-ín, "Ẹ̀gbọ́n mi" lọ́hùn-ún. Ó wá mú ìyàwó rẹ̀ nílé Alágbẹ̀dẹ Eyín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọrí sínú yàrá ẹ̀yìn, ó sì dákẹ́. Ẹni tó bá mọ Oníbúrẹ́dì mọ̀ pé bó bá dákẹ́, ẹ tètè wá dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, "ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí?"

"A kàn fi ń ṣeré ni."

"Èmi náà máa ṣe é."

Alágbẹ̀dẹ Eyín fún un nímọ̀ràn lọ́pọ̀lọpọ̀, bí èèyàn ṣe ń fún ẹni tí kò lè bá a dọ́gbà láéláé nímọ̀ràn. Ó tilẹ̀ kó àjákù ojú irin fún un nínú páálí.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ wo ohun tí àna rẹ̀ ń ṣe, inú rẹ̀ dùn dénú eegun. Nínú àká tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ni Oníbúrẹ́dì to pákó sí. Kò kùn ún. Kò fi koríko sí i. Páànù àtijọ́ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ló dojú wọn délẹ̀ tó pè ní ilé: ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Sìmẹ́ǹtì" sára ọ̀kan, "Ìyẹ̀fun" sára òmíràn, "Ilé Ìwòsàn" sára èyí tó ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Páànù!" ni Alágbẹ̀dẹ Eyín ń wí fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ń kúrò lọ́dọ̀ páànù, ó ń lọ sọ́dọ̀ páànù!"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi tú bẹ́líìtì. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó tún wọ ilé náà.

Sátidé kan, Nọ́ọ̀sì kò wá. Wọ́n ní iṣẹ́ ni. Tíṣà nìkan ló wá, aago ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń wò ju ọkọ̀ lọ. Nígbà tí Sátidé tún yípo, Tíṣà ránṣẹ́ pé orúnkún ń dun òun. Alágbẹ̀dẹ Eyín dé fìlà rẹ̀, ó wa ọkọ̀ fún àga òfìfo, ọkọ̀ wọ inú òkè, ó jáde, kò sẹ́ni tó ní kó wo bó ṣe jáde. Àánú orúnkún Tíṣà wá ṣe é. Ó ra ọsàn, ó lọ kí i nílé. Ọmọbìnrin Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Bàbá ò sí nílé."

"Ṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé wọn lọ?"

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Ilé búrẹ́dì ni wọ́n lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wà ní Sátidé."

"Orúnkún wọn wá ńkọ́?"

"Orúnkún wo, sà?"

Ó gbé ọsàn rẹ̀ padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ ń gé aṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ilé àbúrò rẹ ni wọ́n ń lọ?"

"Mo mọ̀. Àbúrò mi ní wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tán lórí rélùwéè."

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ní páànù ni. Èmi ò mọ̀ pé ẹ̀rù páànù ń bà yín."

Ó bó ọsàn kan, ó jẹ ẹ́ tán láìmọ̀ pé ó kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ. Ó ní búrẹ́dì lòun fẹ́ lọ rà. Ariwo ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àká. Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí gíga, ó ń kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó:

"Sìmẹ́ǹtì ti tán níbi afárá! Tíṣà, ẹ bá wọn gbé e lọ kíá! Nọ́ọ̀sì, ẹ má jáde o, ọkọ̀ èrò ń bọ̀!"

"Kó yàgò fún mi," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Aláìsàn ni mo gbé."

"Aláìsàn kọ́ ló wà nínú ẹ̀, àlùbọ́sà ni!"

"Àlùbọ́sà náà ń ṣàìsàn!"

Tíṣà kúnlẹ̀ lábẹ́ pákó, ó ń wo bí wágọ̀nù kan ṣe so mọ́ èkejì. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn gan-an ló fi kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó dé.

"Háà, Alágbẹ̀dẹ! Orúnkún yìí... ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ kú ìnira."

Oníbúrẹ́dì ti bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. "Ẹ̀gbọ́n mi dé! Ẹ wá iṣẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n mi!"

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kéré lójú rẹ̀. Kó ti wágọ̀nù ìyẹ̀fun lọ sẹ́nu páànù tó ń jẹ́ Ìyẹ̀fun, kó sì fa èyí tó ṣófo jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin ibẹ̀ kúrú, wágọ̀nù tó ń wá ló sì máa ń wà lẹ́yìn èyí tí kò wá. Ó fà á síwájú, ó tì í sẹ́yìn, ó já ọ̀kan sílẹ̀, ó lọ gbé òmíràn, ó padà wá rí i pé èyí tó já sílẹ̀ ló dí òun lọ́nà. Òógùn bọ́. Ó tún un rò. Nígbà tí wágọ̀nù ìyẹ̀fun wọlé sẹ́nu páànù níkẹyìn, ó gbọ́ ẹnìkan tó kígbe "Ẹ̀ẹ́n!" bí ọmọ ilé ìwé. Òun ni.

Ibi tó ti dùn ún gan-an nìyẹn. Ká ní eré náà kò dáa ni, ì bá padà sílé ní àlàáfíà. Ó wo Nọ́ọ̀sì tó ń fi orin ti àlùbọ́sà rẹ̀ lọ, ó wo Tíṣà tí eruku bo ṣòkòtò rẹ̀, ó rántí pé nínú yàrá òun, láàárín gbogbo òdòdó yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. "Ó mà dáa o" ni wọ́n máa ń wí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí lẹ́bàá òkú náà nìyẹn, bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ láṣọ dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá àléébù, ó sì rí i. Láàárín ògiri àti ẹ̀rọ ńlá tó ń po ìyẹ̀fun, ojú irin Oníbúrẹ́dì ní kọ́nà kan tó há gádígádí. Àwọn orí ọkọ̀ kúkúrú tó fi ń fa wágọ̀nù, wọ́n ń rá pálá gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ tó bá gùn kò lè gbà á. Alágbẹ̀dẹ Eyín wo kọ́nà náà bí dókítà ṣe ń wo eyín tó ti kẹ̀ lábẹ́. Lẹ́yìn náà ló ra búrẹ́dì, nítorí kì í purọ́.

Nílé, ó gbé orí ọkọ̀ dúdú ńlá kan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń fi aṣọ nù ún. Èyí ni ọba gbogbo ọkọ̀ rẹ̀. Ó gùn, ó wúwo, òrùlé rẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn ń mú àlejò wò.

"Ibo lẹ̀ ń gbé ìyẹn lọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ fi ta àna wa lọ́rẹ."

Ìyàwó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kàn?"

"Ṣé kí èèyàn má lawọ́ mọ́ ni?"

"Ẹ lawọ́, Bàbá wọn. Ojú yín nìkan ni kò jọ ti ẹni tó lawọ́. Ó jọ ti ẹni tó fi ìyọ̀ sínú tíì ẹlòmíràn."

Èrò ọkàn obìnrin náà lásán ni èyí, kò sì ní ẹ̀rí kankan, nítorí náà ọkọ rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ètò rẹ̀ ti tò: Oníbúrẹ́dì á wa ọkọ̀ ńlá lójú gbogbo wọn, á ṣubú ní kọ́nà, wọn á sì rántí yàrá tí kọ́nà rẹ̀ fẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ tó gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì. Ó ní ẹbí ni ẹbí, ó ní ohun tó bá wu ojú yẹ kó wà níbi tí ojú ti pọ̀. Oníbúrẹ́dì gba orí ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omijé pàdé ìyẹ̀fun lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di búrẹ́dì. Kíá ló gbé e sórí ojú irin, tó so àlùbọ́sà, sìmẹ́ǹtì àti ọkọ̀ èrò mọ́ ọn nídìí. Ọkọ̀ gbéra. Ó kọjá níwájú Ilé Ìwòsàn, ó gun afárá, Tíṣà ń pàtẹ́wọ́. Ó dé kọ́nà. Imú rẹ̀ ní kí òun lọ síwájú, ojú irin ní kó yà. Ó ṣubú gbàì, ó fa gbogbo ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbá páànù méjì lọ, tí ariwo wọn mú kí àwọn tó ń ra búrẹ́dì níwájú sá jáde.

"Ó mà ṣe o," ni Alágbẹ̀dẹ Eyín wí. "Bóyá kọ́nà yẹn ló há díẹ̀. Tèmi tó wà nílé fẹ̀."

Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì ti dákẹ́. Ó gbé orí ọkọ̀ sókè, ó wo àgbá rẹ̀ bóyá ó ṣèṣe, ó wo kọ́nà, ó wo ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi fún mi nírú nǹkan báyìí," ó ní, "ọ̀nà tí mo sì ní fún un nìyí. Ó tì mí lójú. Ẹ bá mi wá ayùn."

"Ayùn ṣe kí ni?" ni Tíṣà bèèrè.

"Mo máa tú u. Ẹ̀rọ yìí á kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi máa gba ibí kọjá bí ọba."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tú rélùwéè rẹ̀ palẹ̀. Pákó dúró ti ògiri, páànù wà nínú àpò, kò sí eré mọ́ nílé búrẹ́dì. Nígbà tí Sátidé sì dé, Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì tún kan ilẹ̀kùn Alágbẹ̀dẹ Eyín.

Ó ti ṣẹ́gun. Ó tẹ́ aṣọ sórí àga, ó ra bisikíìtì, ó dé fìlà rẹ̀ gọ̀ǹgọ̀. Ọkọ̀ wọ inú òkè. Ọkọ̀ jáde.

"Kí ni wọ́n kó sínú ẹ̀?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Nínú kí ni?"

"Wágọ̀nù tó wà lẹ́yìn yẹn."

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ wo òrùlé ẹ̀ ná."

"Mo ti wò ó. Ibo ló ń lọ?"

"Inú òkè."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Alágbẹ̀dẹ Eyín ronú jinlẹ̀. "Ó fẹ́ jáde ni."

Nọ́ọ̀sì dá bisikíìtì tó mú padà sínú àwo. Tíṣà ló wá fi ọgbọ́n àgbà bá wọn parí ẹ̀. Ó ní kí wọ́n wa ọkọ̀ méjì, kí ọ̀kan máa ti ọ̀tún bọ̀, kí èkejì máa ti òsì bọ̀, kí wọ́n pàdé ní ibi ìyàgò tó wà níwájú ibùdókọ̀. Ibi ìyàgò yìí, ibi tí ojú irin ti pín sí méjì tó tún padà pàdé ni, kí ọkọ̀ kan lè yà síbẹ̀ kí èkejì ráyè kọjá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ní àtùpà, ó ní bẹ́ǹṣì, ọkọ̀ kan kò yàgò fún ọkọ̀ níbẹ̀ rí.

Onílé wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu ọ̀nà. Kíá ló fa ohun ìdarí lé e lọ́wọ́, àfi bí ẹni tó fa ọmọ lé olùtọ́jú lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì tán lára ọmọ.

Ọkọ̀ Tíṣà dé láti òsì, ó yà sí ibi ìyàgò, ó sún títí ó fi fi imú kan ẹsẹ̀ òkè, níbi tí àyè parí sí. Wágọ̀nù tó kẹ́yìn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì dé láti ọ̀tún, kò ráyè kọjá. Èyí kò lè lọ, ìyẹn kò lè bọ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ọ́n, ó sì yíjú sí onílé.

"Alágbẹ̀dẹ, kí lo fi wọn ibí yìí nígbà tó o ń ṣe é?"

"Wágọ̀nù ni, sà. Mo tò wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n fi gbà."

"Orí ọkọ̀ tó máa fà wọ́n débẹ̀ wá ńkọ́?"

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí Alágbẹ̀dẹ Eyín mọ̀ nípa ìwọ̀n, òun ọkùnrin tó lè mú eyín kan bá àlàfo ẹnu mu tí aláìsàn kò ní mọ̀ pé tòun kọ́, ó wọn ibi ìyàgò láì wọn orí ọkọ̀. Ó ti fi òkè dé ìdí ibẹ̀, ó ti gbin òdòdó sí i.

"Kò tó nǹkan," ni Nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹnu iṣẹ́. "A máa gé ẹsẹ̀ òkè yìí díẹ̀, a máa fa ojú irin gùn."

"Gé kí ni?"

"Kò ní dùn yín."

"Òkè mi kọ́ lẹ máa gé!"

Tíṣà kàn jókòó, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo aago. Alágbẹ̀dẹ Eyín mọ orúnkún yẹn, ó mọ aago yẹn. Bí òkè bá dúró, Sátidé á lọ. Ó ń wo àpáta tó gbẹ́, ó ń wo àga méjì tí àwọn èèyàn ṣì wà lórí wọn, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sunkún fún.

Níbi tó ti ń rò ó ni Oníbúrẹ́dì wọlé, tí èérún igi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá bẹ̀ yín ni. Kọ́nà ti fẹ̀ báyìí, àmọ́ ìdí ẹ̀ ṣófo. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe òkè."

"Ìwọ? Kí lo fẹ́ fi òkè ṣe? Ṣé páànù ò tó ni?"

Oníbúrẹ́dì wo òkè náà, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti rí òkè yìí ni ara ò ti rọ̀ mí. Ariwo tí mo ń pa lókè àpótí yẹn, kí wọ́n má baà ráyè wò yíká ni, kí wọ́n má baà rí i pé n kò ní òkè."

Ohun kan tú sílẹ̀ láyà Alágbẹ̀dẹ Eyín, ó sì dùn bí ìgbà tí wọ́n bá yọ bàtà tó fúnni.

"Ṣé pé ò ń jowú ni?"

"Owú gidi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"Kò burú," ni Alágbẹ̀dẹ Eyín wí, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ṣùgbọ́n kí o jáwọ́ nínú ẹ̀ o. Owú jíjẹ ò yẹ ọmọlúwàbí."

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ húkọ́. Ó húkọ́ títí, Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ wò ó.

Adùn ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára Alágbẹ̀dẹ Eyín tó fi lọ mú ayùn wẹ́wẹ́ tó fi ń gé eyín. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dán an wò. Ẹfun fò sókè, gbogbo wọn funfun bí Oníbúrẹ́dì. Ẹsẹ̀ òkè kúrò tòun ti òdòdó rẹ̀, wọ́n fa ojú irin gùn, ọkọ̀ Tíṣà yà, ó wọlé tán, ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fìrì. Nọ́ọ̀sì fò sókè. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, oògùn ló wà nínú wágọ̀nù òun, kí ẹnikẹ́ni má dí òun lọ́nà. Tíṣà ní ọkọ̀ òun gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ wo òkè. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Oníbúrẹ́dì bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n gé, wọ́n fún un, ó gbé e mọ́ àyà jáde bí ọmọ tuntun.

Wọ́n wá pín Sátidé sí méjì: tibí lọ́sẹ̀ yìí, tọ̀hún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí Oníbúrẹ́dì tún ṣí tirẹ̀, Alágbẹ̀dẹ Eyín mú ìyàwó rẹ̀ dání. Orí ọkọ̀ dúdú ńlá náà kó gbogbo ẹrù, ó gun afárá, ó dé kọ́nà tuntun tó gba ibi tí ẹ̀rọ ìyẹ̀fun wà tẹ́lẹ̀. Ó fi ara balẹ̀ yí i, ó gùn, ó ń dán, ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ òkè olódòdó lọ, kò mì, kò yẹ̀. Àwọn èèyàn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀ ni.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Oníbúrẹ́dì ń kígbe. "Ohun tí ẹ fún mi ló sọ mí di èèyàn!"

"Mo ń wò ó," ni Alágbẹ̀dẹ Eyín dáhùn.

Lójú ọ̀nà ilé, ó fajú ro. Ó sú ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá wọn, kí ló tún dé? Tíṣà ti padà. Nọ́ọ̀sì ti padà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń pẹ́ jù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn."

"Ẹ sọ fún ojú yín kó gbọ́."

Ó tún rìn díẹ̀. "Kọ́nà yẹn," ó ní. "Ó fẹ̀ ju tèmi lọ."

Ìyàwó dúró láàárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ta ló ní kó fẹ̀ ẹ́?"

"Mo mọ ẹni tó ní kó fẹ̀ ẹ́. Jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí Sátidé tilé búrẹ́dì tún yí kàn, òun ló kọ́kọ́ dé. Onílé kò tíì ṣí àká, àwọn yòókù ṣì wà nílé wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ojú sí àlàfo pákó ilẹ̀kùn, ó ń wò bóyá òun á lè rí kọ́nà náà láti ibẹ̀.